Àbọ̀ Àwòrán: Ojú Inú àti Òòfà Oògùn Olóró

Bárakú ni Yorùbá ń pe àṣà tó ti wọ ènìyàn lára débi tí kò fi rọrùn láti já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Orúkọ náà ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tó bá ara kú, ikú ló kù tó lè yà wọ́n. Ọwọ́ tí bárakú fi ń di ènìyàn mú ni òòfà, ìyẹn ìgbà tí ọkàn bá ń wọ́ ènìyàn lọ sídìí igbó, sídìí ògógóró tàbí sídìí oògùn oníhóró, tó sì jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi búra lánàá pé òun kò ní débẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìṣesí ọkàn ti rí i pé àwòrán ni òòfà sábà máa ń gbé wá. Ojú inú ni yóò kọ́kọ́ rí oògùn, imú inú ni yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ́jú kan ti yọ, èyí tó ń kọ́ ẹni tí oògùn ti di bárakú fún láti fi àwòrán ojú inú tirẹ̀ kojú òòfà. Ọ̀nà ìṣègùn ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn onísìn àti àwọn amòye. Ta ló ni àwòrán tó yọ sí ènìyàn lọ́kàn láìpè? Ṣé ẹni tó rí i ló jẹ̀bi? Ṣé ohun tó múni lẹ́rú tún lè jẹ́ ohun tí yóò túni sílẹ̀?

Bí ọ̀ràn náà ṣe gbilẹ̀ tó

Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà gbé jáde lórí ìlò oògùn ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Igbó ló gba ipò kìíní. Àwọn tó mu ún tó mílíọ̀nù 10.6. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Èpé àti Ìkòròdú wà nínú rẹ̀, ló ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè: nínú ènìyàn 100, nǹkan bíi 33 ló lo ọ̀kan tàbí òmíràn nínú wọn lọ́dún náà.

Orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣàjèjì ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí: igbó, Loud, Colorado, tramadol, paraga, àti omi gọ́tà tí wọ́n ń fi kodéènì, tramadol àti igbó pò pọ̀. Ìjọba ti fi òfin gbìyànjú. Òfin 48 ti ọdún 1989 ló dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, iléeṣẹ́ ètò ìlera fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodéènì àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè mú kí oògùn ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ. Ibi tí ọwọ́ òfin kò tó ni ojú inú ẹni tó ti mọ adùn rẹ̀, níbi tí oògùn kì í tán.

Òòfà láàárín ọjà

Ọjà Olúwo ní Èpé dára láti fi wo bí òòfà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìtòsí ọ̀sà ni ọjà náà wà, ẹja ló sì fi lókìkí: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, èpìyà, alákàn àti edé, ẹran ìgbẹ́ náà kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ti Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde wá, àwọn ará Ìkòròdú sì ń gba ọ̀nà Ìtòìkín débẹ̀. Níbi tí ẹrù bá ti pọ̀ báyìí, iṣẹ́ alábàárù kò ní wọ́n níbẹ̀.

Kí á mú alábàárù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń mu igbó kó tó ru ẹrù àkọ́kọ́ láàárọ̀. Oṣù kejì tó jáwọ́ rè é. Ní ìdájí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ rù, omi ẹja ń kán sí i lẹ́yìn ọrùn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí obìnrin kan ti ń yan ẹja kọjá. Èéfín igi fẹ́ lù ú nímú. Kò rí igbó, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ igbó. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ojú inú rẹ̀ ti rí bébà pélébé tí àtàǹpàkò ń yí, ó ti rí iná ìṣáná, ó ti rí èéfín àkọ́kọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun àti èjìká tó ń dẹ̀. Itọ́ kún un lẹ́nu. Apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀, tí kò wúwo jù ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, wá di ẹrù tí ọrùn kò lè gbà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe àìnítìjú, kì í sì í ṣe àsásí. Abraham Wikler, oníṣègùn kan ní ilé ìwòsàn ìjọba Amẹ́ríkà ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky, ti ṣàkíyèsí irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1940. Àwọn aláìsàn tí wọn kò fojú kan oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù yóò jókòó pọ̀ láti sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí oògùn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ikun a máa dà nímú wọn, omi a sì máa bọ́ lójú wọn bí ẹni tó jáwọ́ lánàá. Ọ̀rọ̀ lásán pe àwòrán, àwòrán pe ara, ara sì dáhùn. Ọpọlọ ti so oògùn pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó máa ń wà ní àyíká rẹ̀, ìbáà ṣe òórùn, ìró, ojú ọ̀rẹ́ tàbí wákàtí ọjọ́. Bí a bá fa ọ̀kan nínú wọn, ìyókù a tẹ̀ lé e bí ìgbà tí a bá fa etí àwọ̀n.

Àlejò tí a kò pè

Ní ọdún 2005, David Kavanagh ní Ọsirélíà pẹ̀lú Jackie Andrade àti Jon May ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àlàyé kan jáde lórí bí ìfẹ́ ọkàn ṣe ń di òòfà. Ìpele méjì ni wọ́n pín in sí. Ní ìpele kìíní, èrò kan yóò ṣàdédé yọ, bí àlejò tí a kò pè. Ní ìpele kejì, ọkàn yóò gbé àga fún àlejò náà. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán rẹ̀, yóò fi àwọ̀, òórùn, adùn àti ìró kún un. Àwòrán náà ń dùn díẹ̀, nítorí ó jọ ohun gidi. Ó sì ń dunni púpọ̀, nítorí kì í ṣe ohun gidi. Ìrora àìní yẹn ló ń mú kí ọkàn tún àwòrán yà, kó tún mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni èrò tí ì bá kọjá lọ ṣe ń di ọ̀gá nínú ilé onílé.

Láti mọ bí a ṣe lè dí ìpele kejì yìí lọ́wọ́, ó yẹ kí á mọ bí ojú inú ti fẹ̀ tó. Alan Baddeley àti Graham Hitch ti fi hàn láti ọdún 1974 pé ibi tí ọkàn ti ń to ohun tó ń rò lọ́wọ́ kò láyè púpọ̀, àti pé ohun tí a ń fojú inú wò ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dà bí àtẹ ẹlẹ́ja: bí ọ̀bọ̀kún méjì bá ti gba orí rẹ̀, ẹ̀kẹta kò ní rí ibi sùn. Bí ènìyàn bá wá gbé àwòrán mìíràn tó nípọn sórí àtẹ náà, àwòrán oògùn kò ní rí àyè nà tán.

Wọ́n ti dán èyí wò. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Plymouth gbé jáde ní ọdún 2015, akẹ́kọ̀ọ́ 31 ló ń sọ bí ohun tó ń fa ọkàn wọn ti lágbára tó bí wọ́n ti ń bá ìgbé ayé wọn lọ, yálà oúnjẹ, ọtí, sìgá tàbí nǹkan mìíràn. Àwọn kan nínú wọn a máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gbá Tetris, eré tí ènìyàn ti ń to búlọ́ọ̀kù aláràbarà bí wọ́n ti ń já bọ́. Lẹ́yìn eré náà, agbára òòfà ń lọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi 70 sí 56 nínú 100. Òòfà kò pa rẹ́, ṣùgbọ́n ó dín kù tó fún ẹni tó fẹ́ ronú láti ráyè ronú. Ní Èpé, a kò nílò eré orí fóònù fún irú èyí. Apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, tó ń fi ojú wá ibi tó ya, tó ń fi ìka so kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, ti fi iṣẹ́ kún àtẹ ojú inú rẹ̀ bámúbámú.

Ohun kan wà tí kì í ṣiṣẹ́, òun náà ló sì rọrùn jù láti bá ènìyàn sọ: «Má rò ó mọ́.» Daniel Wegner, onímọ̀ ìṣesí ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn kan má ṣe ro béárì funfun nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1987. Béárì náà kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti rò ó, ó wọlé sí wọn lọ́kàn ju bó ṣe wọlé sí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà á léèwọ̀ fún lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí olè kan má bàa wọlé ní láti máa rántí ojú olè náà ní gbogbo ìgbà.

Ta ló ni àwòrán náà?

Kí àwọn onímọ̀ òde òní tó dé, àwọn onísìn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Evagrius ará Pọ́ńtù, tó kú ní ọdún 399, gbé pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì tó sá lọ sí aginjù Íjíbítì. Ó rí i pé sísá kúrò nílùú kò sọ pé kí ìlú kúrò lọ́kàn. Ohun tó fi kọ́ àwọn arákùnrin rẹ̀ ni pé kò sí ní ìkáwọ́ ènìyàn bóyá èrò ibi yóò dé tàbí kò ní dé. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni bóyá yóò pẹ́ níbẹ̀. Augustine ará Hippo, ọmọ Áfíríkà, pín ọ̀nà ẹ̀ṣẹ̀ sí mẹ́ta: ohun tó wá rọni, adùn tí ọkàn rí nínú rẹ̀, àti ìgbà tí ọkàn gbà á tán. Ó sì sọ ìtàn Alypius, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ìwé Confessions. Àwọn ọ̀rẹ́ fa Alypius lọ síbi tí wọ́n ti ń wo àwọn ajàkadì tí ń pa ara wọn. Ó di ojú rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n kò di etí. Nígbà tí ariwo sọ, ó lajú wò, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń pa bí ọtí. Etí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Èéfín ẹja yíyan kò ṣe ohun tó yàtọ̀ sí èyí fún alábàárù Ọjà Olúwo.

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èpé láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá dé láti Èkó ní ọdún 1851, Abu Hamid al-Ghazali, tó kú ní 1111, ló tú ọ̀rọ̀ náà wò finnífinní jù. Ó fi ọkàn wé adágún tí odò márùn-ún ń ṣàn wọ̀; odò wọ̀nyẹn ni ojú, etí, imú, ẹnu àti ara. Ó sì to ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ní ẹsẹẹsẹ: èrò tó kàn kọjá, ìfẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìdájọ́ ọkàn pé kí á ṣe é, àti ìpinnu. A kò ní bi ènìyàn léèrè èrò tó kọjá àti ìfẹ́ tó ṣàdédé ru sókè, nítorí kò yàn wọ́n. Ìpinnu ni a ó bi í. Bí ó bá sì ti pinnu tán, tó wá yí padà nítorí Ọlọ́run, iṣẹ́ rere ni wọn yóò kọ fún un.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan a máa sọ nípa ẹni tí oògùn dè mọ́lẹ̀ pé bí orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn. Àṣìlò orí ni. Èrò àwọn àgbà ni pé orí kì í dá rìn: ẹsẹ̀ ló ń gbé orí dé ibi tó yàn, ìwà ló sì ń tún orí ṣe tàbí kó bà á jẹ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti ní orúkọ fún ìṣe tí Evagrius ń wá. Mójúkúrò ni. A ń sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, pé kó mójú kúrò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó parọ́ pé òun kò rí i. Ojú ti rí i, ṣùgbọ́n olójú lè gbé ojú náà kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe pẹ̀lú ojú ìta, ó ṣeé ṣe pẹ̀lú ojú inú, bí a bá kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ṣe tààrà. Àwòrán àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àtubọ̀tán ọjọ́ tó ti kọjá ni. Àwòrán kejì, èyí tí a jókòó tì, tí a fi àwọ̀ àti òórùn kún, ti onílé ni. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́, nítorí ìtìjú ló ń tì ọ̀pọ̀ wọn padà. Bí ó bá rí igbó lójú inú rẹ̀, ó rò pé òun ti ṣubú tán, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ti ṣubú kò níbi tó tún ń ṣọ́.

Ẹlẹ́rìí tó sọ àbọ̀

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀, gbé ìwé jáde ní 1986 lórí ìyàtọ̀ tí Yorùbá ń fi sáàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò mọ ìdí tí òòfà fi ń borí ìwàásù. Ìwàásù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Òòfà ń wá bí ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, ó sì mọ̀ pé òun rí i rí lóòótọ́. Òtítọ́ ni èéfín àkọ́kọ́ dùn, òtítọ́ sì ni èjìká dẹ̀.

Ibi tí ẹlẹ́rìí yìí ti jẹ́ èké ni pé kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Àwòrán tó dé bá alábàárù lójijì dúró sí ìṣẹ́jú kìíní. Kò fi ìṣẹ́jú ogójì hàn án, kò sì fi ọ̀sán hàn án. Àbọ̀ àwòrán ni. Àwọn àgbà sì ti ní: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Olóye ni òwe yìí ń yìn, ẹni tí kò dìgbà tí a bá là á mọ́lẹ̀ fún kó tó yé e. Nídìí òòfà, ó di iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́. Òòfà mú àbọ̀ wá. Onínú ni yóò sọ ọ́ di odindi.

Àwọn tó ń tọ́jú bárakú ń kọ́ni lọ́nà yìí: kí ènìyàn má lé àwòrán náà, kó jẹ́ kí ó máa lọ, kó sì bá a dé òpin. Alábàárù yóò rí èéfín àkọ́kọ́. Yóò rí ìkejì. Yóò rí ara rẹ̀ níbi tó ti jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn ti ga, tí obìnrin tó ni apẹ̀rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀. Yóò rí àrọ̀ tó ti kú sínú apẹ̀rẹ̀ àti owó tí wọn kò san. Yóò rí ojú ìyá rẹ̀ lálẹ́, tí kò bi í ní nǹkan kan, tó kàn gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ tó yíjú. Yóò rí ìdájí ọjọ́ kejì, níbi tí òòfà ti tún dúró dè é bí ẹni pé kò mu nǹkan kan rí. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí rí. Àwòrán orí ìwé ìkìlọ̀, pẹ̀lú agbárí àti egungun rẹ̀, ẹ̀rí ẹlòmíràn ni.

Gígun ìgbì

Ìgbà mìíràn wà tí òòfà le débi pé ọkàn kò lè ro nǹkan tán. Fún irú wákàtí bẹ́ẹ̀, Alan Marlatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà tó kú ní 2011, kọ́ àwọn ènìyàn láti rí òòfà bí ìgbì omi. Ìgbì a máa ru, a máa dé ténté, a sì máa wálẹ̀. Kò sí ìgbì tó ń ru títí. Iṣẹ́ ẹni tí òòfà dé bá ni kó wà lórí rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀, kó máa ṣọ́ ibi tó ti ń dùn ún nínú ara, yálà àyà ni, ọ̀fun ni tàbí àtẹ́lẹwọ́, kó sì máa mí. Ẹni tó ń sáré lọ fi oògùn pa òòfà ní gbogbo ìgbà kò tíì fìgbà kan rí bí ìgbì ṣe ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbà gbọ́ pé kò ní wálẹ̀ láé.

Eré àwọn tí ń fi pákó gun ìgbì òkun ni Marlatt fi ṣàpèjúwe. Lórí ọ̀sà Èpé, ọkọ̀ ló yẹ. Nígbà tí ìjì bá dìde, atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sí ìgbì, nítorí omi yóò dojú rẹ̀ dé. Kì í sì í fi àjẹ̀ lu omi bí ẹni tó ń bá a jà. Imú ọkọ̀ ló ń kọ sí ìgbì, yóò jẹ́ kó gbé òun sókè, yóò sì bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó dàgbà sétí ọ̀sà ti ní àwòrán yìí nílé. Ohun tó kù ni kó mú un wọnú ara rẹ̀.

Àwòrán tí a fi ọwọ́ ara ẹni yà

Dídènà àti fífaradà nìkan kò tó. Ilé tí a lé àlejò búburú kúrò nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Kavanagh, Andrade àti May ti mú ìmọ̀ wọn dé ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn láti máa ya àwòrán ohun rere tó ń fẹ́, kó fi ojú inú, etí inú àti imú inú wọ inú rẹ̀, kó sì so ìdánrawò náà mọ́ ohun kan tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ kó má bàa gbàgbé.

Èyí pẹ̀lú kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn. Ignatius ará Loyola, nínú ìwé tó jáde ní 1548, ní kí ẹni tó ń ṣàṣàrò kọ́kọ́ fi ojú inú kọ́ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: ọ̀nà, ilé, bí ó ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó. Ní Èpé, Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ti ní èèkàn tó lè so àwòrán rẹ̀ mọ́. Bí omi bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, kó rí ara rẹ̀ ní ọ̀la. Ìfẹ́ ńlá tí kò níbi tí a ti lè dì í mú, irú bíi «ìgbé ayé tó dára», kò ní lè gba àtẹ ojú inú. Ohun tó lè gbà á ni owó ọ̀sẹ̀ kan tó pé lọ́wọ́, ìró bàtà ọmọ rẹ̀ tó ń sáré wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èémí tó ń wọlé tó ń jáde láìsí ikọ́.

Ibi tí agbára àwòrán pin sí

Àwòrán kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Ẹni tí ọtí tàbí oògùn oorun ti wọ̀ lára gidigidi kò gbọ́dọ̀ dá jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí oníṣègùn nítòsí, nítorí gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ẹni tó ti fi tramadol tàbí heroin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó wá padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, lè mí èémí ìkẹyìn níbẹ̀, nítorí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ẹ̀wọ̀n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ìtọ́jú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ilé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n pè ní ibi àtúnṣe. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lè di ẹsẹ̀ mú fún ọdún kan. Ojú inú yóò ti lọ sídìí oògùn, yóò sì ti bọ̀, láìmọye ìgbà.

Ibi tí ènìyàn ń gbé náà ní agbára tirẹ̀. Lee Robins ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó padà láti Vietnam ní 1971. Nínú àwọn tí heroin ti di bárakú fún níbẹ̀, nǹkan bíi 5 péré nínú 100 ló tún di bárakú fún láàárín ọdún kìíní tí wọ́n délé. Ohun tó ń pe àwòrán ti kù sí Vietnam. Alábàárù kò lè kó kúrò ní ọjà tó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ó lè yí ọ̀nà tó ń gbà kọjá padà, ó sì lè yan ẹni tí yóò jókòó tì.

Adéoyè Lambo mọ ìwúlò àyíká. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa rí oko, ìdáná àti ojú ènìyàn lójoojúmọ́ bí wọ́n ti ń gbàtọ́jú. Ẹni tí kò rí ìgbé ayé gidi kan lójúmọ́ kò ní rí ohun tí yóò fi ya àwòrán ọ̀la. Títí di òní, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò àti ti Yábàá, tó ti wà láti 1907, ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ibẹ̀ ló yẹ kí á kọ́kọ́ mú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le lọ. Àwòrán ojú inú yóò wá bá ìṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn wá di bẹ́ẹ̀ ni. Ojú inú tó mú ènìyàn lẹ́rú lè tú u sílẹ̀, nítorí àbọ̀ ló fi mú un, odindi ni yóò sì fi tú u. Ní ọjọ́ tí alábàárù bá gba ẹ̀gbẹ́ èéfín ẹja kọjá, tó rí àwòrán náà, tó bá a dé òpin, tó sì ru apẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ohun tí wọ́n pè ní bárakú ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, ara náà kò sì kú.